Bí ẹ ṣe lè tẹ̀lé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kòmẹsẹ̀-ó-yọ, láti orúkọ ẹni mọ́kànlá títí dé pẹ̀náritì ìkẹyìn

Ẹni tó dìde lọ ra súyà nígbà tí aago eré ń lọ sí ìṣẹ́jú 85, lọ́jọ́ tí Nàìjíríà àti South Africa pàdé ní Bouaké, fi Nàìjíríà sílẹ̀ lórí 1-0. Kó tó padà dé, Osimhen ti gbá èkejì wọlé, VAR, àwọn rẹfirí tó ń tún eré wò lórí ẹ̀rọ, ti fagi lé e, South Africa ti gbá pẹ̀náritì wọlé, ó ti di 1-1. Ẹ́kísírà táìmù ṣì wà níwájú, pẹ̀náritì ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. Sẹ́mì-fáínà Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ni, ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024. Eré yẹn la máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí kòmẹsẹ̀-ó-yọ lè gbé dé tí ọjọ́ náà kò gbé dé.

Nínú líìgì, ẹ lè gbá ọ̀mì kí kálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Níbí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ eré wò kì í fi ojú sí bọ́ọ̀lù nìkan. Ohun tó kù lọ́wọ́ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń kà: ẹni mélòó ló kù tí wọ́n lè pààrọ̀, ta ló ti ní yẹ́lò lọ́rùn, ta ni ẹsẹ̀ ti ń dì, iye pẹ̀náritì tó kù. Ẹ wá pépà kan, bírò kan, àti aago.

Ẹ ṣírò àkókò kí ẹ tó ṣírò ayò

Abala kìíní, 45. Ìsinmi, 15. Abala kejì, 45. Ìṣẹ́jú 105 nìyẹn. Ínjúrì táìmù abala méjèèjì lè jẹ́ 5 lápapọ̀, ó sì lè lé ní 10, pàápàá láti ìgbà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022 ní Qatar, tí wọ́n ní kí àwọn rẹfirí dá gbogbo àkókò tó bá ṣòfò padà. Bó bá di ọ̀mì, wọ́n á sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, wọ́n á gbá 15 lọ́nà méjì. Pẹ̀náritì nìkan á gbà tó ìṣẹ́jú 10 sí 15, tí ẹ bá ka owó ẹyọ jíjù àti ìpalẹ̀mọ́ mọ́ ọn. Àròpọ̀ rẹ̀ ń lọ sí wákàtí mẹ́ta. Eré aago mẹ́jọ alẹ́ lè parí ní mọ́kànlá. Ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìwòran, kó ti mọ ọkọ̀ tó máa gbé e padà sílé kó tó jókòó.

Aago ìlú tí eré ti ń wáyé ló máa ń da àwọn ènìyàn rú. Èkó, Ìbàdàn, Kútọnu àti Porto-Novo, aago kan náà ni wọ́n ń lò. Lomé àti Abidjan fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wọn. London náà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn Èkó nígbà òtútù, àmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago London àti Èkó bá ara wọn mu. Eré Bouaké tó bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, aago mẹ́fà ni l'Ékòó, márùn-ún ní Lomé àti London, mọ́kànlá òwúrọ̀ ní Houston.

Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026, tí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò jọ gbà lálejò ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ló nílò ìṣirò jù. Ní àsìkò yẹn Èkó fi wákàtí 5 ṣáájú New York, 6 ṣáájú Houston, 7 ṣáájú ìlú Mexico City, 8 ṣáájú Los Angeles. Eré tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní New York, aago méjì òru ni l'Ékòó, ọjọ́ sì ti yí padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á rí "Saturday" lórí ìwé ètò, wọ́n á jí ní òru Friday mọ́jú Saturday, wọn ò ní bá nǹkan kan. Òru Saturday mọ́jú Sunday ni eré náà. Ẹ kọ ọjọ́ tiyín sílẹ̀, ẹ má kọ tiwọn.

Ojú ọ̀nà tí ẹ máa gbà wò ó

Góòlù kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò FM tó ń sọ eré láti pápá ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Dẹ́kódà á tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbẹ̀yìn, ó lè fi ìṣẹ́jú-àáyá 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lẹ́yìn, torí fóònù gbọ́dọ̀ kó àwòrán díẹ̀ pamọ́ kó tó máa fi hàn yín, kó má baà máa dúró lójú ọ̀nà. Nínú líìgì, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ pani lára. Níbi pẹ̀náritì, ó ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́: aládùúgbò yín á ti pariwo tán kí agbábọ́ọ̀lù yín tó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù nìkan lẹ ní, ẹ pa ìró WhatsApp, ẹ sì ti fèrèsé tó kọjú sí ilé ìwòran.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n máa gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, pàápàá tó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló máa wà lẹ́yìn; dẹ́kódà tó ní bọ́tìnì ìdádúró, ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ títí tí ohùn àti àwòrán á fi bára mu. Ìbẹ̀rẹ̀ eré ni kí ẹ ti ṣe é: fèrè àkọ́kọ́ ni ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Rédíò FM tó ṣáájú àwòrán kò ní àtúnṣe. Ẹ yan ọ̀kan.

Ní ti dátà, àwòrán tó mọ níwọ̀n máa ń jẹ tó 1GB ní wákàtí kan, èyí tó mọ́lẹ̀ kedere lè jẹ tó 3GB. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta sọ ọ́ di púpọ̀: 3GB sí 9GB. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò jẹ ju nǹkan bí 60MB lọ ní wákàtí. Ẹ ra dátà lọ́sàn-án. Ìṣẹ́jú 88 kọ́ ni à ń dúró de kí owó bọ́ sí báńkì ẹlòmíì.

Iná? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ bu epo kún jẹnẹrétọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, torí ìsinmi ìṣẹ́jú 15 kò tó fún un láti tutù, epo tó bá sì dà sára jẹnẹrétọ̀ gbígbóná lè gbiná. Ìta gbangba ni kó wà, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe abẹ́ fèrèsé. Èéfín rẹ̀ kò lóòórùn tó máa jí ẹni tó ti sùn lọ lórí àga, ó sì ń pani.

Pépà náà

Ẹ fa ìlà sí àárín. Ikọ̀ kan lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún. Lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹni mọ́kànlá bí wọ́n ṣe tò: aṣọ́lé, àwọn ẹ̀yìn, àárín, iwájú. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan fún káàdì àti fún ìṣẹ́jú tí wọ́n bá yọ ọ́. Nísàlẹ̀, ẹ ya àpótí 5 fún ìpààrọ̀, kí ẹ sì fa ìlà 3 sábẹ́ wọn.

Ìdí tí àpótí fi jẹ́ 5 tí ìlà jẹ́ 3: nínú àwọn ìdíje ńlá báyìí, ikọ̀ kan lè pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù 5, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló lè dá eré dúró láti ṣe é. Ti àkókò ìsinmi kò sí nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn. Bí eré bá wọ ẹ́kísírà táìmù, ẹnì kan àti ìgbà kan á tún kún un. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ń ka ènìyàn, wọn kì í ka ìgbà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ti yọ ẹnì kan ní ìṣẹ́jú 58, ẹnì kan ní 70, ẹni méjì ní 79, ti lo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ku ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì tí kò lè wọlé. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá fara pa ní ìṣẹ́jú 84, ẹni mẹ́wàá ni wọ́n máa fi parí abala náà. Tí ẹ bá rí i tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń dáwọ́ dúró tí àwọn ènìyàn ń bú u pé kí ló ń wò, ẹ kọ́kọ́ wo pépà yín. Ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo.

Wákàtí kan ṣáájú fèrè

Orúkọ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ máa ń jáde ní nǹkan bíi wákàtí kan sí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 ṣáájú eré. Ojú ìwé àjọ tó ni ìdíje tàbí ti ikọ̀ náà gan-an ni kí ẹ ti wò ó. Àwòrán tí wọ́n ń pín kiri ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, àbá ni.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ṣàìsí. Ṣé káàdì ló lé e jáde? Káàdì pupa ń yọ ènìyàn nínú eré tó kàn, yẹ́lò méjì nínú eré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Michael Ballack gba yẹ́lò nínú sẹ́mì-fáínà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2002, ó gbá góòlù kan ṣoṣo tó gbé Jámánì dé àṣekágbá, òun fúnra rẹ̀ ò sì lè gbá a. Ní Qatar 2022, wọ́n ń nu yẹ́lò ẹyọ kan kúrò lẹ́yìn kọ́tà-fáínà kí irú ẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, ẹ ka òfin ọdún náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò. Lọ́dún 2024, José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà nígbà náà, fi Troost-Ekong, Ajayi àti Bassey sí àárín ẹ̀yìn, ó wá fi Aina àti Sanusi sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni mẹ́ta ní àárín ẹ̀yìn túmọ̀ sí pé ikọ̀ náà kò bẹ̀rù 0-0. Lẹ́yìn ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Equatorial Guinea, wọn ò gba góòlù kankan wọlé nínú eré mẹ́rin tó tẹ̀ lé e títí wọ́n fi dé Bouaké. Ẹni tó mọ èyí á mọ̀ pé eré náà máa le, á sì jẹun kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo bẹ́ǹṣì náà. Ẹ fi àmì sí àwọn tó máa ń gbá pẹ̀náritì fún kílọ́ọ̀bù wọn. Ẹ máa nílò àmì yẹn lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀.

Aadọ́rùn-ún ìṣẹ́jú

Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, ẹ wo ibi tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lé bọ́ọ̀lù. Bó bá jẹ́ lẹ́bàá aṣọ́lé àwọn tó kọjú sí wọn, wọ́n fẹ́ parí ẹ̀ kíá, wọ́n sì máa rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 70. Bó bá jẹ́ láti ìlà àárín pápá, wọ́n ti ń ronú ìṣẹ́jú 120.

Láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 75 ni ìpààrọ̀ gidi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ìṣẹ́jú, ẹni tó jáde, ẹni tó wọlé, kí ẹ sì dí àpótí kan. Ẹ̀yìn tó bá ní yẹ́lò tó sì kọjú sí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ tó yára, ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Tí wọn ò bá yọ ọ́, ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù gbà.

Ẹ má dìde ní ìparí. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1994, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní Foxboro lẹ́bàá Boston, Amunike ti gbá góòlù fún Nàìjíríà, Ítálì sì ti ku ẹni mẹ́wàá lẹ́yìn tí Zola gba pupa ní ìṣẹ́jú 75. Ìṣẹ́jú 88 ni Roberto Baggio dá a padà, pẹ̀náritì rẹ̀ nínú ẹ́kísírà táìmù ló sì lé Nàìjíríà sílé. Ní Cairo lọ́dún 2019, 1-1 ni Nàìjíríà àti Algeria wà nínú sẹ́mì-fáínà Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, gbogbo ènìyàn ti ń múra ẹ́kísírà táìmù, kí Mahrez ti Algeria tó gbá fírí-kíìkì wọlé ní ìṣẹ́jú 90+5. Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́bàá àpótí ní ínjúrì táìmù, gbèsè ni. Ikọ̀ tí ẹsẹ̀ ti ń wúwo ló ń jẹ ẹ́.

Tí rẹfirí bá fọwọ́ kan etí

Ohun mẹ́rin pàtàkì ni VAR wà fún: góòlù, pẹ̀náritì, káàdì pupa gbangba, àti bí rẹfirí bá fún ẹlòmíì ní káàdì ẹni tó ṣẹ̀. Tí rẹfirí bá fọwọ́ kan etí, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lókè. Tó bá fi ìka ya àpótí sínú afẹ́fẹ́, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ létí pápá, ó sì máa ń yí ìpinnu rẹ̀ padà lọ́pọ̀ ìgbà tó bá ti débẹ̀.

Bouaké ló ṣàlàyé ẹ̀ jù. Alhassan Yusuf ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí Percy Tau nínú àpótí Nàìjíríà, rẹfirí kò fọn fèrè, bọ́ọ̀lù ń lọ. Nàìjíríà gbé e sáré lọ sí òdìkejì, Osimhen gbá a wọlé. Torí bọ́ọ̀lù kò tíì dúró kí wọ́n sì tún eré bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, VAR lẹ́tọ̀ọ́ láti padà síbẹ̀: góòlù parẹ́, pẹ̀náritì bọ́ sọ́wọ́ South Africa, Mokoena gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 90. Ọ̀pọ̀ ló ń pariwo pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Wọn ò rẹ́ wa jẹ. Òfin ni.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún òǹwòran: ẹ má kọ góòlù sí pépà títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù láti àárín. Lẹ́yìn tí eré bá ti tún bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ VAR kì í sábà dé ẹ̀yìn mọ́. Bákan náà, ẹ má bínú sí aláṣíá tó ń pẹ́ kó tó gbé àṣíá sókè. Wọ́n ní kó dúró ni, kí góòlù tó tọ́ má baà ṣòfò nítorí ọ́fúsáìdì tí kò dájú.

Ẹ́kísírà táìmù

Ìṣẹ́jú 30 pípé ni. Kò sí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé ló borí. Àwọn tó rántí Kanu àti Brazil ní Olympics 1996, 4-3, ṣì máa ń rò pé góòlù àkọ́kọ́ ń parí eré. Wọ́n ti pa òfin náà rẹ́ lọ́dún 2004.

Níbí ni pépà yín ń sanwó. Ẹ ka àpótí tó kù, ẹ má gbàgbé ẹ̀kẹfà. Tí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá fi ìpààrọ̀ kan pamọ́ títí di ìṣẹ́jú 118, pẹ̀náritì ló ń rò. Lọ́dún 2014, nínú kọ́tà-fáínà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, akọ́nimọ̀ọ́gbá Netherlands yọ aṣọ́lé rẹ̀ ní ìparí ẹ́kísírà táìmù, ó fi Tim Krul wọlé, Krul sì mú pẹ̀náritì Costa Rica méjì.

Ẹ ṣọ́ káàdì pupa gan-an. Ní ìṣẹ́jú 115 ní Bouaké, Grant Kekana ti South Africa gbé Terem Moffi ti Nàìjíríà ṣubú nígbà tó ń sáré lọ sí ojú ilé, pupa ni wọ́n fún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, kò dà bí ẹni pé ó já mọ́ nǹkan. Ó já mọ́ nǹkan níbi pẹ̀náritì, bí ẹ ó ṣe rí i.

Pẹ̀náritì: bí a ṣe ń kà á

Rẹfirí á ju owó ẹyọ lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní ń yan ojú ilé tí wọ́n máa gbá a sí. Èkejì, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló máa sọ bóyá àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbá tàbí àwọn kejì.

Àwọn tó wà nínú eré nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá a. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ti yọ ní ìṣẹ́jú 95 kò lè padà, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó. Ẹ wo pépà yín: ẹ fa ìlà sórí gbogbo ẹni tó ti jáde, ẹ wá wo àmì tí ẹ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀ sẹ́yìn. Mélòó nínú wọn ló kù?

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka iye ènìyàn. Ikọ̀ tó bá ní ẹni púpọ̀ jù gbọ́dọ̀ dín tiẹ̀ kù kó bá èkejì mu. South Africa ti ku mẹ́wàá nítorí Kekana, Nàìjíríà náà gbọ́dọ̀ yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tí ẹ kò fẹ́ kó gbá ni ẹ máa yọ. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní Brisbane lọ́dún 2023, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin, nígbà tí àwọn obìnrin wa gbá 0-0 pẹ̀lú England tí Lauren James ti gba pupa ní ìṣẹ́jú 87. Ẹnì kan tí wọ́n fi ju England lọ fún gbogbo ẹ́kísírà táìmù kò sí mọ́ níbi pẹ̀náritì, England sì yege 4-2.

Ẹ wá fa àpótí 5 fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fi ✓ tàbí ✗ sí i. Lẹ́yìn pẹ̀náritì kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ìṣirò kan péré: ayò tí ikọ̀ tó wà lẹ́yìn ní, ẹ fi pẹ̀náritì tó kù fún un kún un. Bí àròpọ̀ náà kò bá tó ayò ẹni tó wà níwájú, eré ti parí.

Ní Bouaké, Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbá. Lẹ́yìn mẹ́rin-mẹ́rin, Nàìjíríà ní 3, torí Ola Aina ti sọ tiẹ̀ nù. South Africa ní 2, torí Stanley Nwabali, aṣọ́lé Nàìjíríà, ti mú ti Mokoena àti ti Makgopa. Iheanacho gbá ẹ̀karùn-ún wọlé: 4. South Africa ní 2, ó ku ẹyọ kan: 2 + 1 = 3. Mẹ́ta kò tó mẹ́rin. Ó tán, 4-2. Ẹni tó ń dúró de ẹ̀karùn-ún South Africa kò mọ ìdí tí gbogbo ilé fi ń fò.

Bí wọ́n bá ṣì dọ́gba lẹ́yìn márùn-ún, ó di ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ẹnì kan gbá a wọlé tí èkejì sọ ọ́ nù, ó parí, àmọ́ ikọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ti gbá iye kan náà. Kò sí ẹni tó lè gbá ẹ̀ẹ̀kejì títí gbogbo àwọn tó kù nínú ikọ̀ rẹ̀ á fi gbá, aṣọ́lé náà sì wà nínú wọn. Ní Bata lọ́dún 2015, àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà láàárín Côte d'Ivoire àti Ghana dé orí àwọn aṣọ́lé. Boubacar Barry ti Côte d'Ivoire mú ti aṣọ́lé Ghana, ó gbá tiẹ̀ wọlé, 9-8.

Ibi tí àríyànjiyàn ti ń wáyé: aṣọ́lé gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀ kan, ó kéré tán, lórí ìlà nígbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá sáré jáde ṣáájú tó sì mú un, wọ́n á tún un gbá. Bọ́ọ̀lù tó bá kọ lu òpó, tó padà lu ẹ̀yìn aṣọ́lé, tó sì wọlé, góòlù ni. Èyí tí aṣọ́lé bá tì padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbá a, kò lè tún un gbá bíi ti inú eré. Yẹ́lò tí ènìyàn gba nínú eré kò tẹ̀ lé e wọ ibí. Ní ti bọ́ọ̀lù tó kọjá ìlà tí rẹfirí kò rí, ẹ bi àwọn tó wà ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000 nípa pẹ̀náritì tí Ikpeba gbá fún Nàìjíríà nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Bọ́ọ̀lù lu igi òkè ó sì bọ́ sílẹ̀, rẹfirí ní kò wọlé, Kamẹrúùnù gbé ife lọ pẹ̀lú 4-3. Àwòrán tí wọ́n tún gbé jáde sọ ohun míì, àmọ́ kò sí VAR nígbà yẹn.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lo oògùn rẹ̀ lásìkò, kó sì jáde sí gbàgede nígbà tí pẹ̀náritì bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà: lẹ́yìn eré Bouaké, ìròyìn jáde pé àwọn kan dákú níbi tí wọ́n ti ń wò ó, wọn ò sì jí mọ́. Àyà títẹ̀ bí ẹni gbé òkúta lé e, òógùn tútù, ìrora tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n: ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe omi tútù.

Lẹ́yìn fèrè

Nínú àkọsílẹ̀, 1-1 ni Bouaké. Pẹ̀náritì ń sọ ẹni tó tẹ̀síwájú, kì í yí àmì ayò padà. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tó ta tẹ́tẹ́: ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì "yóò borí" ń parí ní ìṣẹ́jú 90 àti ínjúrì táìmù rẹ̀. Ẹni tó mú Nàìjíríà báyẹn lọ́jọ́ náà pàdánù owó rẹ̀ bí Nàìjíríà tilẹ̀ dé àṣekágbá. Tíkẹ́ẹ̀tì "yóò tẹ̀síwájú" ló ń ka ẹ́kísírà táìmù àti pẹ̀náritì. Kí ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Ẹ wá mú ìwé ètò, kí ẹ kọ ẹni tó kàn. Wọ́n ti ya ọ̀nà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, kò sí pé wọ́n ń tún orúkọ dà sínú àpótí. Ibi tó ń ta kókó ni ti àwọn tó ṣe ìkẹta. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tó ní ikọ̀ 24, àwọn méjì àkọ́kọ́ nínú gúrúùpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti ìkẹta mẹ́rin tó dára jù ló ń wọ kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó ní 48, gúrúùpù 12 ló wà, ìkẹta 8 ni wọ́n ń mú, ẹni 32 ló ń wọlé. Ẹni tí ìkẹta kan máa bá pàdé dá lórí gúrúùpù tí àwọn ìkẹta yòókù ti wá, nítorí náà ẹ má kọ orúkọ wọn sílẹ̀ títí gúrúùpù ìkẹyìn á fi parí.

Ẹ má sì fojú kéré wọn. Côte d'Ivoire jìyà 4-0 lọ́wọ́ Equatorial Guinea nílé ara wọn lọ́dún 2024, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, wọ́n gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ìkẹta. Nàìjíríà ti nà wọ́n 1-0 ní gúrúùpù. Ọjọ́ 11 oṣù kejì ni wọ́n tún pàdé nínú àṣekágbá, Troost-Ekong ló kọ́kọ́ gbá a wọlé, Kessié dá a padà fún Côte d'Ivoire, Haller fi èkejì sí i ní ìṣẹ́jú 81.

Lẹ́yìn orúkọ ẹni tó kàn, ẹ kọ àwọn tí káàdì ti yọ, àwọn tó tiro jáde, àti wákàtí eré náà ní aago tiyín. Ẹ pa pépà náà mọ́. Kí ẹ sì pa jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn.